Ọ̀rá Tí Ó Fara Pamọ́ Sínú Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ̀yin ìyá àti olórí ilé ní Ìtòkú, bí ẹ̀sìn yín bá gba ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ mọ̀ pé oríṣi ọ̀rá méjì ni ó wà lára rẹ̀. Ọ̀kan wà lábẹ́ awọ. Ọ̀bẹ lè gé e kúrò. Èkejì wà láàárín ẹran gan-an bí òwú funfun tín-ín-rín. Kò ṣeé gé.

Kí ni ó ń fà á? Èkíní ni àjogúnbá: ẹlẹ́dẹ̀ Duroc ti Amẹ́ríkà a máa ní ọ̀rá inú ẹran ju Landrace ti Dẹ́nmáàkì lọ, bí oúnjẹ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Èkejì ni oúnjẹ: ẹlẹ́dẹ̀ tí ń jẹ èèpo pákí láìrí oúnjẹ amáradàgbà tó kò lè sọ gbogbo rẹ̀ di ẹran; ara rẹ̀ a sọ ìyókù di ọ̀rá.

Ọ̀rá yìí ń mú kí ẹran rọ̀, kí ó sì dùn, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ lè pa ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lára. Nítorí náà, ẹ yan ẹran tí funfun inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ sè é jinná dáadáa nítorí aràn. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ tutù, kí ẹ sì kó ọ̀rá tí ó dì sójú rẹ̀ dànù kí ẹ tó fi se ọbẹ̀.