Ọ̀rá ara kì í yọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ má tètè sọ̀rètí nù

Ọ̀rọ̀ àwọn tí dókítà ní kí wọ́n dín sísanra kù, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó ti ń sú wọn, la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo pé ọmọ ogójì ọdún, kílò 92 ni mo wọ̀n, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti ń ru. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá màmá mi dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó jáde láyé, nítorí náà ẹ̀rù bà mí. Mo dín òkèlè kù, mo pa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kílò méjì lọ, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì kílò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìdajì kílò tún padà wá! Èmi tí mo ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn, ńṣe ni mo jókòó sínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, tí ẹkún fẹ́ bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo wá fẹ́ di bẹ́líìtì aṣọ nọ́ọ̀sì mi ni mo rí i pé ihò tí mo ń dì í sí tẹ́lẹ̀ kò mú mi mọ́. Ihò tó tẹ̀ lé e ni mo dì í sí lọ́jọ́ náà. Òṣùwọ̀n ní mi ò tíì ṣe nǹkan kan, bẹ́líìtì ní mo ti ṣe é.

Kí ló fà á? Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń kúrò lára ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ọ̀rá, ọ̀rá kì í sì í kánjú. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá jẹ oúnjẹ oníyọ̀ lóde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, omi lè dúró sára, kí òṣùwọ̀n gòkè lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èyí kò ní kí ẹ ti sanra padà. Bí ara bá sì ṣe ń fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ tó nílò ń dínkù, ìyẹn ló fi máa ń dà bíi pé gbogbo rẹ̀ dúró sójú kan lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Àsìkò yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ń jáwọ́, tàbí kí wọ́n lọ ra àgbo àti tíì tó ń mú èèyàn yàgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, omi ara ni ìyẹn ń fà jáde, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Ó sì lè ṣàkóbá fún kídìnrín, pàápàá tàwọn àgbà.

Ẹ má fojú kéré ìwọ̀nba tó lọ. Bí ẹni tó wọn kílò 90 bá dín kílò mẹ́rin ààbọ̀ kù, àwọn ará ilé lè má mọ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń mọ̀ ọ́n. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, nípa àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn, fi hàn pé fún kílò kan tí èèyàn bá dínkù, ẹrù bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ lè ṣe rèé:

Èkíní, ẹ máa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán, kí ẹ tó jẹun. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Oṣù sí oṣù ni kí ẹ máa fi wéra.

Èkejì, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ìbàdí yín lóṣooṣù. Bó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ fún obìnrin, tàbí 94 fún ọkùnrin, ewu ti ń sún mọ́lé.

Ẹ̀kẹta, ohun tọ́wọ́ yín lè ṣe ni kí ẹ pinnu: ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ̀bà tí kò ju ìkúùkù yín lọ, ẹ̀fọ́ tó pọ̀ jù ú lọ. Bí ẹ bá ṣèèṣì jẹ àjẹjù, ẹ padà sójú ọ̀nà níbi oúnjẹ tó kàn. Ẹni tó kọsẹ̀ kì í dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé jẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì febi pa á. Ẹ mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé, kí ẹ jẹ́ kó máa sáré ṣeré.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má dín ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà kù, torí bí iṣan bá joro, èèyàn lè máa ṣubú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń fọn, bóyá ó máa dín oògùn náà kù. Ẹ má dá a dáwọ́ dúró fúnra yín. Bí ara bá ń gbọ̀n yín, tí ẹ sì ń làágùn lójijì, ṣúgà lè ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ tètè mu omi tí ẹ po ṣúgà sí. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe lẹ kàn ń fọn láìṣe nǹkan kan, kì í ṣe ohun ìdùnnú, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Ní tèmi, ọdún kan àti oṣù méjì ló gbà mí kí n tó ti 92 dé 79. Nínú oṣù mẹ́rìnlá yẹn, oṣù mẹ́ta wà tí òṣùwọ̀n kò mì rárá, àmọ́ mi ò dá ìrìn mi dúró. Ẹ̀jẹ̀ mi ti padà sí bó ṣe yẹ, bẹ́líìtì mi sì ti dé ihò kẹrin. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ẹ jẹ́ ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ara ó máa le o.