Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ lè mú àgùntàn bí ìbejì?

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára lè mú kí ara ẹran gbógun ti họ́mọ̀nù tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe? Láwọn ọdún 1980, abẹ́rẹ́ Fecundin jáde fún àwọn olùsin àgùntàn ní Ọsirélíà. Androstenedione, họ́mọ̀nù kan tí ilé ẹyin ń ṣe, ni wọ́n so mọ́ purotéènì ńlá, torí ara kì í ka nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tá. Tí ara bá ti dá a mọ̀ lọ́tàá, ẹyin tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan á pọ̀ sí i, ìbejì á sì pọ̀ nínú agbo. Ìbẹ́ta ńkọ́? Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ olówó ẹran: ọmú méjì péré ni àgùntàn ní.

Ṣé o mọ̀ pé GnRH, họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń jí ilé ẹyin, kò ju ásíìdì àmínò mẹ́wàá lọ? Inú ọpọlọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn ni Andrew Schally àti Roger Guillemin ti wá a rí. Ó wà lára iṣẹ́ tó fún wọn ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Bí àjẹsára bá dènà rẹ̀, ilé ẹyin á sùn, abo màlúù tàbí abo ẹṣin kò sì ní wá akọ mọ́ fún ìgbà kan. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ náà ń gba irú àjẹsára yìí dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ẹran rẹ̀ má baà rùn. Yóò yé ẹni tó bá mọ òórùn òbúkọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù wá láti Niu Silandi. Àwọn àgùntàn Inverdale ní àbùdá BMP15 tó yàtọ̀. Ẹyin tó ń jáde lára abo tó bá jogún ẹyọ kan máa ń pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tó bá jogún méjì kò ní bímọ láéláé, torí ilé ẹyin rẹ̀ kò dàgbà. Àwọn onímọ̀ wá gún àwọn àgùntàn mìíràn ní àjẹsára tó ń gbógun ti BMP15. Níbi tó ti le, ẹyin dáwọ́ dúró. Níbi tó ti rọra, ẹyin pọ̀ sí i.

Gbogbo abo ọmọ tí àgbò Inverdale bá bí ló ń jogún àbùdá yìí. Nítorí náà, olùsin tó bá gbọ́n kì í jẹ́ kí irú àgbò bẹ́ẹ̀ gun abo tó ní i, kí ìdajì àwọn abo ọmọ wọn má baà di aláìlèbí.