Jẹjẹrẹ Ọpọlọ Lára Ọmọdé: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Irú Àrùn Ká Tó Wá Oògùn Rẹ̀

Ní Abúlé Adó níbí, bí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun, ibà la kọ́kọ́ máa ń rò. Bí kò bá lọ, àwọn kan á ní àlùjànnú ni. Lóòótọ́, ibà ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí orí fífọ́ bá ń dé láràárọ̀ pẹ̀lú èébì, tí ìrìn ọmọ kò dúró déédéé mọ́, tàbí tó ń rí nǹkan ní méjìméjì, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Kókó lè ti hù nínú ọpọlọ.

Iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú onítànṣán àti kẹ́mò ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú èyí tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ìtànṣán àti kẹ́mò lè pa sẹ́ẹ̀lì tó dára lára. Ìdí rèé táwọn onímọ̀ fi ń wá oògùn tó ń dojú kọ àrùn gan-an. Nínú jẹjẹrẹ, jíìnì kan ti yí padà, ó wá dà bí ẹ̀rọ omi tí kò ṣeé tì mọ́: sẹ́ẹ̀lì ń pọ̀ láìdúró. Ibi tó bàjẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni dordaviprone. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbà àti ọmọ tó ti pé ọdún kan, tí wọ́n ní diffuse midline glioma tó ní àmì H3 K27M, tó sì ń burú sí i lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú aláìsàn 50 tí wọ́n yẹ̀ wò, 11 ni àrùn wọn rọlẹ̀. Ọmọ tí kókó tirẹ̀ kò ní àmì yìí, oògùn náà kọ́ ni tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi dókítà pé: irú kókó wo ni? Ṣé wọ́n ti yẹ àmì rẹ̀ wò? Ẹ má sì torí oògùn tuntun pa ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ tì. Láti ọdún 2019 ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti ń ṣe ìtọ́jú onítànṣán ní Ìdí-Àràbà, ní Èkó wa níbí.

Àdúà dára, rukiya dára, kò sì sí èyí tó ní ká má lọ sí ọsibítù nínú wọn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló kọ́ wa pé ká wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà. Àmín.