Kì í ṣe gbogbo "with" ni "pẹ̀lú"

"Mo gé iṣu pẹ̀lú ọ̀bẹ." Bí ọmọ ilé ìwé bá kọ báyìí, ohun tó ń sọ yé wa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí rẹ̀. "Mo fi ọ̀bẹ gé iṣu" ni Yorùbá ń wí. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni "with". Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "fi". Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà: ẹrù tí Gẹ̀ẹ́sì dì ru "with" nìkan, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló pín in rù lọ́dọ̀ wa.

"She went with me": ó bá mi lọ. "A man with a beard": ọkùnrin onírùngbọ̀n. "I left the key with Mama": mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ Màmá. Ìkòkò tó jẹ́ "filled with water", ó kún fún omi ni. Ẹni tó bínú "with" ọmọ rẹ̀, ó bínú sí i. Èyí tó wù mí jù ni "with fear" àti "with joy": a kì í wá ọ̀rọ̀ atọ́kùn kankan fún wọn, "tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù" àti "tayọ̀tayọ̀" ti parí ọ̀rọ̀. "Pẹ̀lú" náà ní àyè tirẹ̀, bí a bá ní Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa.

Èyí tó máa ń ṣi àwọn tó ń túmọ̀ èdè lọ́nà jù ni "fight with". Ó lè jẹ́ pé ọ̀tá ara wọn ni àwọn tí gbólóhùn náà dárúkọ, ó sì lè jẹ́ pé apá kan náà ni wọ́n wà. Ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fà á. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ohun tí "wið", ìyẹn "with" ayé ìgbà náà, sábà máa ń túmọ̀ sí ni kíkọjú sí ènìyàn tàbí títakò ó. "Mid" ni wọ́n ń lò fún ìbárìn, ìbátan rẹ̀ ni "mit" tí àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ dòní. Nígbà tó yá, "mid" kú, "with" sì jogún iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣì fi àmì sílẹ̀: títakò wà nínú "withstand", ìbárìn sì wà nínú "midwife", agbẹ̀bí tó wà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń rọbí.

Nítorí náà, bí ìwé ìtàn bá sọ pé àwọn Ìjẹ̀bú "fought with the British" lọ́dún 1892, wọ́n bá Òyìnbó jà ni. Bí ó bá sọ ọ́ nípa àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó wà ní Burma lọ́dún 1944, wọ́n gbèjà Òyìnbó ni, àwọn ará Japan ni wọ́n bá jà.