Ta ni yóò san owó epo fún olórin gbọ̀ngàn kékeré ní Ayétòrò?

Bí olórin kan bá gbé gìtá láti Ìgbọ́kọ̀dá wá kọrin ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ayétòrò, ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀, òun àtàwọn onílù ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀, nítorí iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé ní etíkun Ìlàjẹ. Epo ni ọkọ̀ ń mu, epo náà ni jẹnẹrétọ̀ ń mu. Lítà epo tí kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ti ju 1,000 náírà lọ ní ọ̀pọ̀ ìlú nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wọlé, tí kálukú san 1,000 náírà. 100,000 náírà nìyẹn. Ká ní epo àti ọkọ̀ lílọ-bíbọ̀ gba 60,000, kí onílù méjì gba 15,000, 15,000. 10,000 péré ló kù fún ẹni tó ni orin, kò sì tíì jẹun.

Láyé àtijọ́, ìṣirò yìí kì í da olórin láàmú, nítorí kì í ṣe owó ẹnu ọ̀nà ló gbójú lé. Iwájú orí ẹ̀ lowó wà. Ó máa ki ẹni tó wọlé, ó máa ki bàbá ẹ̀, ó máa dárúkọ ìyàwó ẹ̀, owó á sì máa rọ̀. Òfin ilé ìfowópamọ́ àgbà ilẹ̀ wa, CBN, ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ju náírà níbi àríyá tàbí tó ń jó lórí ẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó san ó kéré tán 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò ka òfin náà sí, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Idris Okuneye, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bobrisky, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 2024. Òfin kò ní kéèyàn má fún olórin lówó o. Jíju owó náà ni wọn kò fẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n bá rọra fi sínú báàgì kì í pọ̀ tó èyí tí gbogbo gbọ̀ngàn ń wò, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ yìí tún le sí i ní Ayétòrò. Ọdún 1947 làwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì jọ ni gbogbo nǹkan. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n ṣe ọṣẹ, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n ń dín búrẹ́dì nínú ààrò ìlú, ẹnikẹ́ni kò gba owó oṣù. Àpò kan ṣoṣo ni èrè ń wọ̀, títí tí wọ́n fi fàyè gba òwò aládàáni lápá ìparí àwọn ọdún 1960. Ẹni tó ń kọrin nígbà yẹn kò béèrè iye tí wọ́n máa san. Ìlú tí ìjọ ṣì ń darí ni, Ogeloyinbo ló jẹ́ ọba àti olórí ìjọ. Olórin tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ lọ rí àwọn àgbà kó tó lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri.

Orin tó bá wọn lára mu kò ṣòroó rí. Ìlàjẹ ní bírípo, àwọn Ìkálẹ̀ tó múlé gbè wọ́n ní àsìkò, èyí tí Comfort Omoge kọ títí tí ilé-iṣẹ́ Afrodisia fi gbé àwo ẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1970. Àwo ló gbé orin ìgbèríko náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀ wá.

Kí I. K. Dairo tó dá ẹgbẹ́ olórin tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1957, ó ti gẹ irun rí, ó sì ti ta aṣọ. Nígbà tí òkìkí kàn tán, òun àti Hárúnà Ìṣọ̀lá da owó pọ̀ lọ́dún 1969, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo Star Records sílẹ̀, kí èrè má baà máa bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó nìkan. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó ń ta á ló yí padà.

Ohun tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń ṣe nìyẹn lónìí ní gbọ̀ngàn kékeré: tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àwo, fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹ̀, olórin á wá dúró tì í lẹ́yìn orin. Ní Ayétòrò, káàdì fóònù tí orin wà nínú ẹ̀ lè rọ́pò àwo. Ìyá tó ń ta ẹja yíyan àti ọmọkùnrin tó ń ta ohun mímu ní ìta gbọ̀ngàn náà ń jèrè lára èrò tí olórin kó jọ. Kò burú bí olórin bá bá wọn sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n dá nǹkan lé owó epo.

Èrò náà ń dín kù, ìyẹn gan-an ló ń kó ìdààmú bá òwò yìí. Láti bí ọdún 2000 ni òkun ti ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò. Àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde lọ́dún 2004. Nígbà tó di 2024, òkun ṣì ń wọ ìlú. Àwọn tí ilé wọn lọ ti kó lọ sí ibòmíràn, kò sì rọrùn fún wọn láti wọ ọkọ̀ padà wá gbọ́ orin lóru. Nítorí náà, aago méjì ọ̀sán ló yẹ kí orin bẹ̀rẹ̀, kó parí ní aago márùn-ún, kí ẹni tó ti ìlú mìíràn wá lè kúrò lórí omi kí ilẹ̀ tó ṣú.