Ìdí Tí Ẹ̀jẹ̀ Fi Ń Yára Rì Nínú Túùbù ESR

Bí dókítà bá kọ ESR sínú ìwé àyẹ̀wò yín, bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń yára rì tó ló fẹ́ mọ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lápá yín, wọ́n á po oògùn tí kì í jẹ́ kó dì mọ́ ọn, wọ́n á sì fà á sínú túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìlà rẹ̀ lọ láti 0 dé 200 mìlímítà. Túùbù náà á wà lóòró fún wákàtí kan gbáko. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́nrẹ́n, èsì ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ ṣe ń rì sísàlẹ̀ ike, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa á máa lọ sísàlẹ̀, tí omi ẹ̀jẹ̀ á sì tòrò lókè. Iye mìlímítà tó bá tòrò ni èsì.

Ara sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan ní agbára iná tó ń lé èkejì sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tètè lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, tàbí tí oríkèé ń wú, ẹ̀dọ̀ á tú purotéènì fibrinogen sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀. Òun ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tò léra wọn, kí wọ́n wúwo, kí wọ́n sì yára rì. Alf Westergren, ọmọ Sweden, ló gbé ọ̀nà àyẹ̀wò ESR yìí kalẹ̀ ní 1921, nígbà tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Oyún àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń gbé èsì ESR sókè, láìsí àrùn kankan tó fara pamọ́.

Ti àwọn tó ní SS, ìyẹn àrùn tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa wọ́, ló ká mi lára jù. Sẹ́ẹ̀lì tó ti wọ́ kò lè tò léra dáadáa. Àkóràn lè ti wọ egungun ọmọ, kí ESR rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí òbí sì máa rò pé kò séwu. A kì í sọ èyí tó létí àwọn òbí, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ míì tí wọ́n ń pè ní CRP kò ní ìṣòro yẹn, torí purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ló ń wá, kò bá ìrísí sẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹ̀rọ á po omi ẹ̀jẹ̀ mọ́ àwọn hóró kéékèèké tó ń so mọ́ purotéènì náà. Bí CRP bá ṣe pọ̀ tó ni omi náà á ṣe rú tó, ẹ̀rọ á sì tan iná gbà á kọjá láti wọ̀n ọ́n. Láàárín wákàtí mélòó kan ló ti ń gòkè. ESR lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó gòkè.

Kò sí èyí tó ń dárúkọ àrùn nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ní SS, ẹ sọ fún dókítà kó tó ka èsì, ẹ má sì torí ESR tó ga nìkan lọ ra oògùn ní kẹ́mísì.