Ọ̀rá Inú Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ná ọjà ní Mile 12, ọ̀rá méjì ló wà lára ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ awọ nípọn, ọ̀bẹ a gé e kúrò. Èkejì rí bí òwú funfun tín-ín-rín láàárín ẹran pupa. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹran gbẹ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń sá fún un!

Nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹlẹ́dẹ̀ kan àti òmíràn nípa ọ̀rá inú yìí ni àjogúnbá. Ìran Duroc, ẹlẹ́dẹ̀ pupa ará Amẹ́ríkà, ní in ju Large White àti Landrace lọ. Ní Òkè-Àró lẹ́bàá Èkó, níbi tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní 2020, ẹni tó ń ra akọ tuntun fún abo Large White rẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá mú Duroc.

Oúnjẹ náà ní ipa tirẹ̀. Bí èròjà tó ń jẹ́ lysine, tó pọ̀ nínú ẹ̀wà sóyà, bá dín, ẹran ara kò ní í lè pọ̀, agbára oúnjẹ tó ṣẹ́kù a sì di ọ̀rá. Ṣùgbọ́n kí olóko má torí èyí fi èèpo pákí nìkan bọ́ ẹran rẹ̀ o: kò ní í tètè dàgbà, ọ̀rá abẹ́ awọ a sì pọ̀ sí i pẹ̀lú, ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń rà á.